Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́yìn ìwàásù tí mo ṣe ní Kétu

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí mo ti ṣe ìwàásù náà, oorun ò tíì kún ojú mi láti ìgbà yẹn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gun orí àga ìwàásù láìlọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ ni mò ń kọ èyí sí, ẹ̀yin tí wọ́n máa ń pè ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ pé, "Arákùnrin, ìwọ lo máa gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi." Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wà nílẹ̀, ìwàásù náà sì gbọ́dọ̀ wà.

Télọ̀ ni mí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, aṣọ ìgbéyàwó ń bẹ lórí ẹ̀rọ mi, aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù kí n tó ká a kúrò. Mo wá gbé fóònù. Àkòrí tí mo ti mú ni "Ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀". Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà, "ṣègbé", sínú Bíbélì orí fóònù, ẹsẹ sì ń tò wá lọ́tùn-ún lósì. Mo ṣa mẹ́sàn-án nínú wọn, mo kọ nọ́ńbà wọn sórí ìwé, mo gbàdúrà, mo sùn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò gbàdúrà o. Ààwẹ̀ ni mo wà láti àárọ̀ ọjọ́ náà títí di ìrọ̀lẹ́. Àdúrà kọ́ ló kù díẹ̀ káàtó. Mi ò ṣí orí tí mo ti mú ẹsẹ kankan nínú wọn kà, bó ti wù kó kéré mọ.

Ní ìjọ wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, èdè Yorùbá ni a fi ń wàásù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan á sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Fọ̀n fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Ó mọ iṣẹ́ náà. Bí mo bá gbóhùn sókè, á gbé tirẹ̀ sókè. Bí mo bá na ọwọ́, á na tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta la ti ń ṣe é pọ̀, n ò rí i kí ó takókó lọ́rọ̀ rí.

Arábìnrin kan wà nínú ìjọ tó ń ta àkàsà lọ́jà Kétu. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ibà pa á láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méje ti kọjá lórí ikú náà. Láti ìgbà náà kò wá sí ilé ìsìn. Ọjọ́ Ìsinmi yẹn ló kọ́kọ́ padà wá, mi ò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lápá àwọn obìnrin ló jókòó sí, ó sì fi ìborùn bo orí wá sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà: èmi ni mo rán aṣọ Kérésìmesì ọmọ yẹn. Ọwọ́ mi yìí ló wọn èjìká rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín nítorí pé okùn ìwọ̀n ń rìn ín ní ọrùn.

Mo dé orí ẹsẹ kẹrin nínú mẹ́sàn-án tí mo ṣa. Jóòbù 4:7 ni. Mo kà á pẹ̀lú ohùn rara: "Rántí, mo bẹ̀ ọ́, ta ni ó ṣègbé rí láìṣẹ̀?" Mo wá fi kún un, ẹnu ara mi ló ti jáde: "Ẹ gbọ́ ohun tí Ọlọ́run wí! Aláìṣẹ̀ kì í ṣègbé. Bí ikú òjijì bá wọ ilé kan, ẹ lọ wá ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣílẹ̀kùn fún un."

Ògbufọ̀ dákẹ́.

Mo rò pé kò gbọ́ ni. Mo yí sí i. Ó ń wò mí, lẹ́yìn náà ó yí ojú sí apá fèrèsé, ó tún padà wò mí. N kò lóye. Mo rò pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ní wàhálà. Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ, mo gbé ohùn ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ó lè rí i túmọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀yin ará. Nígbà tó wá túmọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ni mo rí arábìnrin alákàsà náà tó dìde. Kò sunkún. Ó pa Bíbélì rẹ̀ dé, ó fi í sínú ọ̀rá tó fi gbé e wá, ó tún ìró rẹ̀ lọ́já. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà àárín, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ sí apá ibi tí mo wà, bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ fún òjíṣẹ́ Ọlọ́run kí wọ́n tó jáde. Èmi ni ó kúnlẹ̀ fún. Ó sì jáde lọ, bàtà rẹ̀ ń dún lórí símẹ́ǹtì títí ó fi dé ìta.

Ẹ máa bi mí pé, ṣé mo dúró? Mi ò dúró. Mo wàásù náà parí. Àdúrà ìparí ni mo tún fi Jóòbù 8:7 ṣe, ẹsẹ tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí wọ́n ń kọ sára ọkọ̀, sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, sórí àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí: bí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ tilẹ̀ kéré, ìgbẹ̀yìn rẹ yóò pọ̀ sí i gidigidi. Ìjọ ké "Àmín!" tó fẹ́ gbé òrùlé lọ. Àwọn àgbà ìjọ bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọ̀kan sọ pé ọ̀rọ̀ náà gbóná.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá kan nínú ìjọ wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ránṣẹ́ pè mí. Kò bínú. Ó ní kí n jókòó, ó gbé Bíbélì rẹ̀ tí ìwé rẹ̀ ti ń já lé mi lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, ka Jóòbù orí kẹrin ẹsẹ keje fún mi."

Mo kà á.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Bíbélì ni, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé inú Bíbélì ló wà. Ẹnu ta ló ti jáde?"

Mi ò mọ̀. Ó ní kí n gòkè lọ sí ẹsẹ kìíní. Mo kà á: Élífásì ará Témánì ni, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó wá bá Jóòbù nígbà tí ìyà ń jẹ ẹ́. Ó ní kí n lọ sí orí kejìlélógójì, ẹsẹ keje. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti ń bá Élífásì wí pé ìbínú òun ru sí i àti sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, nítorí wọn kò sọ ohun tó tọ́ nípa òun bí Jóòbù ìránṣẹ́ òun ti sọ. Ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run bínú sí ni mo gbé dúró ní àárọ̀ tí mo pè é ní ohun tí Ọlọ́run wí.

Mo rò pé ó ti parí. Bàbá ní, "Ẹsẹ tí o fi gbàdúrà ńkọ́? Orí kẹjọ. Má bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ keje. Láti ẹsẹ kẹrin."

Ẹ ṣí tiyín, ẹ jọ̀ọ́. Bílídádì, ọ̀rẹ́ Jóòbù kejì, ló ń sọ̀rọ̀. Ó ń bá ọkùnrin kan wí tí ìjì ti wó ilé lé ọmọ rẹ̀ lórí, ọkùnrin méje, obìnrin mẹ́ta, gbogbo wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ohun tó sọ fún un ni pé bí àwọn ọmọ rẹ bá ti ṣẹ̀ sí Ọlọ́run, Ọlọ́run ti gbá wọn kúrò nítorí ìrékọjá wọn. Ẹsẹ méjì péré ló wà láàárín ọ̀rọ̀ yìí àti èyí tí a ń kọ sórí àkàrà ọjọ́ ìbí. Mo ka ẹsẹ kẹrin, ẹnu mi ò lè lọ sí ẹsẹ karùn-ún. Mo rí obìnrin yẹn níbi tó ti ń kúnlẹ̀. Mo sunkún níwájú bàbá náà bí ọmọdé, kò sì sọ pé kí n dákẹ́.

Èmi àti ìyàwó mi lọ sí ilé obìnrin náà lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun ti dárí jì mí. Ọkọ rẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ìjọ, mo sọ ibi tí mo ti ṣìnà gan-an. Obìnrin náà ti wá sílé ìsìn lẹ́ẹ̀mejì báyìí.

Ohun tí mo kọ́ wá nìyí. Kí o tó gbé ẹsẹ kankan lọ sí orí àga ìwàásù, bi í léèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Bíbélì Mímọ́ tí mò ń lò kò fi àmì sí ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Nínú ìwé Jóòbù, ó lè tó ọgbọ̀n ẹsẹ kí o tó rí "ó dáhùn wí pé" mìíràn. Nítorí náà, máa gòkè. Máa gòkè títí o fi rí orúkọ. Élífásì ló ni orí 4 àti 5, 15 àti 22. Bílídádì ló ni 8, 18 àti 25. Sófárì, ọ̀rẹ́ kẹta, ló ni 11 àti 20. Mo ti kọ wọ́n sẹ́yìn Bíbélì mi. Kódà Sátánì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀: ohun gbogbo tí ènìyàn ní ni yóò fi ra ẹ̀mí rẹ̀ (2:4), ẹsẹ tí mo ti gbọ́ tí wọ́n fi gba ọrẹ ní ìjọ tí mo wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo Jóòbù 22:28 náà, "ìwọ yóò sì gbìmọ̀ ohun kan pẹ̀lú, yóò sì fi ìdí múlẹ̀ fún ọ". Ìṣọ́ òru wo la ṣe tí a ò pariwo rẹ̀? Élífásì ni. Nínú orí kan náà ló ti parọ́ mọ́ Jóòbù pé ó lé àwọn opó jáde lọ́wọ́ òfo, pé ó bọ́ aṣọ lára àwọn tó wà níhòhò. Ọlọ́run ti sọ ní orí kìíní pé kò sí ẹni tó dà bí Jóòbù ní ayé.

Ẹnì kan ti bi mí pé, ṣé mo ń sọ pé Ọlọ́run kì í mú ìgbẹ̀yìn pọ̀ sí i ni? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Jóòbù 42:12 sọ ọ́ kedere pé Olúwa bùkún ìgbẹ̀yìn Jóòbù ju ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti wàásù rẹ̀. Ẹlòmíràn ní Pọ́ọ̀lù pàápàá lo ọ̀rọ̀ Élífásì nínú Kọ́ríńtì Kìíní 3:19. Òótọ́ ni, Jóòbù 5:13 ló ti mú un. Gbogbo ohun tó ti ẹnu Élífásì jáde kọ́ ni irọ́. Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn létí, ó jọ òótọ́, ó sì fi í na ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Sátánì náà ka Sáàmù 91 fún Jésù nínú aginjù.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí o mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Jeremáyà 29:11 ni gbogbo ènìyàn mọ̀, èrò àlàáfíà. Ẹsẹ kẹwàá tó ṣíwájú rẹ̀ sọ pé àádọ́rin ọdún ni àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú máa lò ní Bábílónì. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn yé àwa ọmọ Kétu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1886, ogun Dànhọ̀mẹ̀, ìjọba àwọn Fọ̀n, fọ́ ìlú yìí, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ. Ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ bá lọ sí oko ẹrú mọ ohun tí àádọ́rin ọdún jẹ́. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí lò ń fi ẹsẹ náà ṣèlérí fún ènìyàn, kọ́kọ́ lọ wo ẹni tí ẹsẹ náà ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń tún sọ.

Nọ́ńbà ẹsẹ pàápàá, ènìyàn ló fi síbẹ̀. Òǹtẹ̀wé ará Faransé kan, Robert Estienne, ló tẹ Májẹ̀mú Tuntun tó ní nọ́ńbà ẹsẹ tí à ń lò títí dòní ní 1551. Ó wúlò fún wíwá ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n òun náà ló jẹ́ kí a máa gé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bí ẹran ọjà, kí a mú èyí tó wù wá, kí a fi orí sílẹ̀. Mi ò bú òjíṣẹ́ kankan o. Ara mi ni mò ń sọ.

Kí o sì wo ojú àwọn tó jókòó. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa níbì kan ṣoṣo: orí kejì, wọ́n bá a jókòó ní ilẹ̀ fún ọjọ́ méje, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti lọ sílé lọ́jọ́ kẹjọ, ì bá dára fún wọn.

Wọ́n ti tún fún mi ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Jóòbù orí kejìlélógójì ni mo fẹ́ kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lánàá, ọjọ́ Ẹtì, mo gbé ìwé ìwàásù náà lọ fún ògbufọ̀ kí ó kọ́kọ́ kà á. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bí ó bá tún gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi, kí ó má túmọ̀ rẹ̀, kí ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ yẹn náà, mo fẹ́ tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rù yín ló bà mí."