Ṣé ẹran iléyá ni mí ni?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀kadà gbá màámi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Jagun l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, ni dókítà bá ní ká lọ ṣe CT scan orí, ìyẹn àwòrán inú orí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ onítànṣán yà. Wọ́n ní kí màámi tú gèlè, kí wọ́n bọ́ yẹtí. Nǹkan tí wọ́n gbé orí wọn lé rí bí ìdajì igbá, fóòmù wà nínú ẹ̀, bọ̀dá tó ń ṣe é tún ki fóòmù méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn, ó wá fa bẹ́líìtì kọjá níwájú orí. Màámi ní, "Ṣé ẹran iléyá ni mí ni, tẹ́ ẹ fẹ́ dè mọ́lẹ̀?" Ẹ̀rín pa mí o, bẹ́ẹ̀ àyà mi ṣì ń já.

Bọ̀dá yẹn ní tí orí bá fi mì pẹ́nrẹ́n, àwòrán á dàrú, wọ́n á tún un yà, ìtànṣán á sì pọ̀ sí i lára èèyàn. Iṣẹ́jú díẹ̀ náà ni ṣá. Ti MRI, ìyẹn ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì, ló máa ń pẹ́, nǹkan bíi àgò ni wọ́n ń dé borí síbẹ̀. Tó bá wá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, irin oníṣóńṣó mẹ́ta ni wọ́n sábà fi ń di agbárí mú, aláìsàn á ti sùn lọ o!

Èyí tó bí mi nínú ni pé bẹ́líìtì tiwa ti gbó, kò lẹ̀ mọ́, bándéèjì ni wọ́n padà fi so màámi. Pẹ̀lú gbogbo owó tá a san!