Ìpínrọ̀ Kan Nípa Ọdún 1888

Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú, Ògbómọ̀ṣọ́.

Wọ́n ní kí n kọ ìtàn kúkúrú nípa bí iṣẹ́ Onítẹ̀bọmi ṣe dé ìlú wa, èyí tí wọn yóò tẹ̀ sínú ìwé pẹlẹbẹ tí a fẹ́ pín fún àwọn àlejò nígbà àjọ̀dún ìjọ. Mo ti kọ èyí tó rọrùn tán: ọdún 1855 tí Thomas Jefferson Bowen wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún 1898 tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀, ọdún 1907 tí Dókítà George Green dé pẹ̀lú iṣẹ́ ìwòsàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di awuyewuye ni ìpínrọ̀ kan ṣoṣo tí mo kọ nípa ọdún 1888. Lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ yìí, ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìjọ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n yọ ọ́ kúrò. Bàbá ní, "Ilé ìwòsàn tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ni wọ́n bí ọ sí. Ṣé àwọn lo wá fẹ́ máa tú àṣírí wọn lójú àlejò?"

Ohun tó wà nínú ìpínrọ̀ náà kò ju èyí lọ. Moses Ladejo Stone, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété bíi tiwa, wà lára àwọn Yorùbá tí wọ́n kọ́kọ́ fi jẹ oyè pásítọ̀ nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, lọ́dún 1880. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ W. J. David. Owó oṣù rẹ̀ kò tó o gbọ́ bùkátà, ó sì ń wá bí yóò ṣe fi òwò díẹ̀ kún un. David yọ ọ́ níṣẹ́ lọ́dún 1888, kò fi lọ àwọn ọmọ ìjọ tí ọkùnrin náà ń ṣọ́, bí ẹni pé kò sí ohun tó kàn wọ́n nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ bá a jáde, wọ́n sì dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n ń fi owó ara wọn gbọ́ bùkátà rẹ̀. Mojola Agbebi wà lára wọn, ẹni tí í jẹ́ David Brown Vincent kó tó di pé ó bọ́ orúkọ òyìnbó náà sílẹ̀ lọ́dún 1894.

Kì í ṣe pé W. J. David jẹ́ ìkà ènìyàn. Inú ìjọ tó rán an wá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ọdún 1845 ni àwọn Onítẹ̀bọmi ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ya kúrò lára àwọn ti àríwá, nítorí pé wọ́n ta kú pé ẹni tó ní ẹrú lè di míṣọ́nnárì. Ó tó ọdún 1995, àádọ́jọ ọdún gbáko, kí wọ́n tó tọrọ àforíjì ní gbangba. Ìjọ yìí kan náà ló kọ́ wa ní ìwé, tó sì kọ́ ilé ìwòsàn fún wa. Ó hàn sí mi pé ìwà méjèèjì kò ta ko ara wọn lójú tiwọn: ènìyàn lè fẹ́ràn aláwọ̀ dúdú dé ibi tí yóò fi kú sí ilẹ̀ rẹ̀, kó má sì gbà láé pé aláwọ̀ dúdú náà lè jókòó síbi tí wọ́n ti ń pín owó.

Ti Àńgílíkà kò sì yàtọ̀. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn níhìn-ín ní Ọ̀yọ́, di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864, gbogbo ayé sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tó darúgbó tán, lọ́dún 1890, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tó lè bí lọ́mọ dé sí agbègbè Odò Ọya, wọ́n sọ ọ́ di ẹni yẹpẹrẹ níwájú àwọn tó ń darí. Ó kú ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀.

Bàbá ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ìbá wù mí kó rí bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin, tó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú yìí kó tó lọ sí Ìlú Ọba, pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìdájí ni, ó fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá àgbà kan. Ó ti na aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá sí i tán, bàbá náà sì fa apá rẹ̀ pa mọ́ sábẹ́ aṣọ ìbora, ó ní kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì gidi wá. Àbúrò mi ní èyí kò dun òun tó bẹ́ẹ̀, torí ojú òun ti rí irú rẹ̀. Èyí tó dùn ún ni ti ọ̀gá wọn, obìnrin tó máa ń bi í léèrè àwọn ọmọ, tó máa ń fún un ní ẹ̀bùn lọ́dún Kérésì. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká, ó sì pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì fún un kí ilé lè tòrò. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù kẹrin ọdún 2020 ni ìlànà ti wà níbẹ̀ pé ilé ìwòsàn ìjọba lè kọ̀ láti tọ́jú aláìsàn tó ń ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí òṣìṣẹ́, àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Ọ̀gá náà mọ ìlànà yìí. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó lò ó.

Mo bi àbúrò mi pé kí ló fèsì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo fẹ́ sọ? Ọwọ́ wọn ni físà mi wà." Ibi tí mo ti rántí Stone nìyẹn, torí pé ohun kan náà ló dì wọ́n lẹ́nu. Ẹni tí oúnjẹ rẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò nílò láti bú ọ kó tó fi ipò rẹ hàn ọ́.

Bàbá ìjọ wa ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu, ó ní àwa náà ń ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Òótọ́ ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 tí ìjọba Gánà ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde, ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò níbẹ̀ padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ní 1983, àwa náà lé àwọn ará Gánà jáde. Onílé wà ní àdúgbò mi tó máa ń béèrè ẹ̀yà kó tó dárúkọ owó ilé. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pa ẹni tí a rẹ́ jẹ lẹ́nu mọ́ nìkan ni wọ́n ń rántí ọ̀rọ̀ yìí. N kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá nígbà tí onílé ń lé ọmọ ẹ̀yà Ìgèdè padà lẹ́nu ọ̀nà.

N kò ní yọ ìpínrọ̀ náà. Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yọ ọ́.

Àbúrò mi tún pè lálẹ́ yìí. Ó ti kọ ẹ̀hónú rẹ̀, ó kọ ọjọ́ àti aago sí i, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá kí òun fi orúkọ sí i. Mo ní kó fi sí i, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀ nípa ti físà náà. Ó ní òun yóò pè wọ́n lọ́la, àti pé kí n jọ̀ọ́, kí n má tíì sọ fún Màámi.