Ẹ tọ ipasẹ̀ fáìlì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí àtìmọ́lé àti kóòtù

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Kabba. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń gbóná lára mi, torí kò tíì pẹ́ tí wọ́n tú ọmọkùnrin kan tí mo bá tọ ipasẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní àtìmọ́lé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹnìkan ní àtìmọ́lé lónìí ni mo ń bá wí.

Ọjọ́ tí wọ́n mú un kọ́ ló burú jù, ọjọ́ kóòtù ni. Ìdigunjalè ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Májísíréètì kò lágbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, Kóòtù Gíga ló ni ín. Ohun tó kù ni pé kí wọ́n dá a padà sí ẹ̀wọ̀n títí ìmọ̀ràn DPP, ọ̀gá agbẹjọ́rò ìjọba tó ń sọ bóyá ẹ̀rí tó láti pe ẹjọ́, yóò fi ti Lokoja dé. Ìyá rẹ̀ ti jókòó láti òwúrọ̀, ó gbé oúnjẹ dání. Ọlọ́pàá tó ń pẹjọ́ dìde, ó ní ìmọ̀ràn kò tíì dé. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, ó parí, kí èèyàn tó jókòó dáadáa. Ìyá yíjú sí mi: "Ṣé wọ́n ti dá ẹjọ́ náà ni?" Kí n tó dáhùn, wọ́n ti ń mú ọmọ rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀. Ó na abọ́ oúnjẹ náà sókè, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Fáìlì ẹjọ́ tí a ń retí ìmọ̀ràn lé lórí kò tíì kúrò ní teṣàn rí! Wọ́n ti gbé IPO, ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ẹjọ́ náà, lọ síbòmíràn, fáìlì wà nínú dúrọ́ọ̀. A kọ lẹ́tà sí ọ̀gá teṣàn, a fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, fáìlì dé Lokoja, DPP ní ẹ̀rí kò tó, wọ́n tú u sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé olè ni mo ń gbè. Ẹni tó bá jalè, kí wọ́n dá a lẹ́jọ́. Ẹjọ́ gan-an ni a kò rí.

Òfin ACJA tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 lórí bí ẹjọ́ ọ̀daràn ṣe gbọ́dọ̀ máa lọ, abala 376, fún Agbẹjọ́rò Àgbà, tí DPP ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ní ọjọ́ 14 láti mú ìmọ̀ràn jáde. Àmọ́ ọjọ́ tí fáìlì bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Tí fáìlì bá wà ní teṣàn fún ọdún kan, kíkà kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Nítorí náà, ẹ bi IPO: ọjọ́ wo ni fáìlì kúrò? Nọ́ńbà lẹ́tà tó bá a lọ ńkọ́? Ta ló gbé e, ta ló gbà á? Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà lé. Tí kò bá sí nọ́ńbà, ẹ gbà pé kò tíì kúrò. Tí wọ́n bá mú èèyàn mẹ́ta pọ̀, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ lára wọn ni kí ẹ fi wá fáìlì náà ní Lokoja.

Ẹ ka ọjọ́ àtìmọ́lé pẹ̀lú. Abala 296 òfin yìí kan náà ní kí àtìmọ́lé tí kóòtù pàṣẹ má ju ọjọ́ 14 lọ, wọ́n lè fi 14 kún un bí ìdí bá wà. Lẹ́yìn ìyẹn, kóòtù ní láti pe ọlọ́pàá àti Agbẹjọ́rò Àgbà wá sọ ìdí tí ẹni náà fi ṣì wà níbẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ nìyí. Kogi ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí lọ́yà wo iye ọjọ́ inú rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ níwájú Májísíréètì.

Nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kabba ní oṣù kẹsàn-án 2021, àwọn aláṣẹ sọ pé èèyàn 294 ló wà nínú ọgbà tí wọ́n ṣe fún 200. Nínú wọn, 224 ni kóòtù kò tíì dá lẹ́jọ́. Láti 2023, òfin ilẹ̀ wa ti gba ìpínlẹ̀ láàyè láti ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn tù wá nínú. Bí fáìlì kò bá rìn, ọgbà tuntun náà yóò kún.

Ní oṣù kẹrin 2024, ìjọba àpapọ̀ ṣe àpérò ńlá lórí ètò ìdájọ́ ní Abuja, ìlànà tó jáde níbẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ dé 2028. Mo fara mọ́ ọn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi: kí teṣàn kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ọjọ́ tí fáìlì jáde àti ọjọ́ tó dé Lokoja wà nínú rẹ̀, kí owó ọkọ̀ ẹni tí yóò gbé e sì wà nínú ìṣúná. Abala 33 ACJA ti ní kí teṣàn máa ròyìn àwọn tí wọ́n mú fún Májísíréètì, ṣùgbọ́n ìròyìn náà kò sọ ibi tí fáìlì dé. Abala 34 ní kí Májísíréètì àgbà máa bẹ teṣàn wò lóṣooṣù. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ fáìlì yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè. Tí teṣàn bá ní kí ẹbí san owó ọkọ̀ fáìlì, ẹ má san án, ẹ kọ lẹ́tà.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ lè dúró fún béèlì. Wọ́n lé ìyá yìí padà ní teṣàn pé obìnrin ni. Abala 167 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ torí ìyẹn kọ ẹnikẹ́ni.