Ẹ̀kọ́ tí iná tó lọ kọ́ mi nípa Temporal

Ẹ̀yin àbúrò mi, Under-G ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Áàpù alájọ ni mo ń kọ: gba owó, kọ ọ́ sílẹ̀, fi SMS ránṣẹ́ sí ẹni tó dá a. Temporal ni mo fi ń kọ ọ́, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń rántí ibi tí iṣẹ́ dé, kí iṣẹ́ lè tẹ̀síwájú bí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín. Mo tẹ `temporal server start-dev`, sáfà Temporal gbéra lórí láptọ́ọ̀pù mi, mo ṣí ojú-ìwé rẹ̀ ní localhost:8233, mo ń wo bí workflow kọ̀ọ̀kan (ìgbésẹ̀ iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin) ṣe ń rìn. Bátìrì mi ti kú tipẹ́. Bí wọ́n ṣe mú iná lọ nìyẹn. Nígbà tí iná dé tí mo tún sáfà gbé dìde, gbogbo ohun tí mo ti ń dán wò láti àárọ̀ ti pòórá.

Ó dùn mí gan-an, torí ohun tí mo gbọ́ nípa Temporal ni pé kì í gbàgbé iṣẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ tí ẹ kò bá fún start-dev ní fáìlì, inú RAM nìkan, ìrántí kọ̀ǹpútà tó ń pòórá bí iná bá lọ, ló ń tọ́jú nǹkan sí. Ẹ fi `--db-filename ajo.db` kún un láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Sáfà kì í ṣiṣẹ́ kóòdù yín o. Worker, ètò tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbé dìde, ló ń ṣe é, òun ló ń lọ sí pọ́ọ̀tì 7233 ti sáfà lọ béèrè iṣẹ́ lórí task queue, ìyẹn ìlà tí iṣẹ́ ti ń dúró. Mo kọ orúkọ queue sí "ajo-dida" níbì kan, mo kọ ọ́ sí "ajo_dida" níbòmíràn. Kò sí àṣìṣe kankan tó yọjú. Workflow kàn jókòó síbẹ̀, "Running," fún wákàtí méjì, torí queue mìíràn ni worker ń wò.

Ẹ wo káàdì alájọ. Bí alájọ bá ṣàìsàn, tí ọmọ rẹ̀ gba ipò rẹ̀, ilà tó wà lórí káàdì ni yóò kà, kò ní gba owó àná lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ ni event history, àkọsílẹ̀ tí sáfà ń ṣe nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú workflow, ṣe rí. Tí worker kan bá kú, òmíràn á tún kóòdù workflow tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, á sì máa mú èsì activity (ìgbésẹ̀ kan, bíi fífi SMS ránṣẹ́) tó ti parí láti inú àkọsílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kóòdù workflow fi gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan náà ní gbogbo ìgbà. Ẹ má wo aago kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ẹ má lo nọ́ḿbà àìròtẹ́lẹ̀ (random), ẹ má pe íntánẹ́ẹ̀tì. Inú activity ni kí ẹ kó ìpè íntánẹ́ẹ̀tì sí.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ti SMS. Ìyá kan ní Tàkíé ń bá wa dán áàpù náà wò, ó sì pè mí: "Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀kan ni mo dá owó lónìí, kí ló dé tí ẹ fi kọ ọ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹrin?" Àyà mi já. SMS ti lọ, àmọ́ èsì rẹ̀ pẹ́ kó tó padà, àkókò tí mo fún activity náà tán, Temporal sì tún un ṣe. Tí ẹ kò bá sọ iye ìgbà, kò ní dáwọ́ dúró: á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 1, 2, 4, títí dé 100. Ká ní owó ni a ń fi ránṣẹ́ ńkọ́? Ẹ fún ìdáwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà kan tí kì í yí padà, kí ẹni tó ń gbà á lè mọ̀ pé òun ti rí i rí.

Ní báyìí, kí n tó fi iṣẹ́ han ẹnikẹ́ni, èmi fúnra mi ni mo ń pa worker láàárín ìdáwó. Mo tún pa sáfà, mo gbé méjèèjì dìde, mo sì ka iye SMS tó wọ fóònù mi.