Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́: Bẹ́ríǹ Ẹsẹ̀ Iwájú Ọkọ̀ Àtijọ́ Mi

Iṣẹ́ ti kan bẹ́ríǹ ẹsẹ̀ iwájú báyìí, ìyẹn òrùka irin tó ń jẹ́ kí táyà yí geere. Táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí ń yí, bẹ́ríǹ méjì-méjì ló sì wà nínú họ́ọ̀bù iwájú kọ̀ọ̀kan (irin àárín tí a ń de táyà mọ́), tí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ń dè wọ́n. Ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀: odindi ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, kò sí ohun tí èèyàn máa dè tàbí tú níbẹ̀.

Mo fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, mo fi irin ìdúró tì í lábẹ́, mo wá di òkè àti ìsàlẹ̀ táyà òsì mú, mo ń mì ín. Ó ń dún kọ̀-kọ̀. Ìró yẹn nìkan kò tó láti dá bẹ́ríǹ lẹ́bi, torí pé bọ́ọ̀lù jọ́ìnì (oríkèé irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀) tó ti jẹ náà a máa mì bẹ́ẹ̀. Mo ní kí àbúrò mi tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ bí mo ṣe ń mì ín, kíá ni ìró náà sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ di ti bẹ́ríǹ nìyẹn, nítorí bọ́ọ̀lù jọ́ìnì kò ní torí búréèkì dákẹ́.

Mo tú họ́ọ̀bù, mo fi kẹrosíìnì fọ àwọn bẹ́ríǹ náà, mo sì yẹ̀ wọ́n wò lójú oòrùn. Wọ́n ń dán, kò sí ibi tó ṣá, kò sì sí àwọ̀ búlúù tí ooru àpọ̀jù máa ń fi sára irin. Mo bu gíríìsì tuntun sí àtẹ́lẹwọ́, mo ń fi etí bẹ́ríǹ tó fẹ̀ gún un títí gíríìsì fi yọ jáde láàárín àwọn irin rẹ̀ lódì kejì. Síìlì ẹ̀yìn, tí kì í jẹ́ kí gíríìsì jò jáde, tuntun ni mo fi sí i.

Ìdè rẹ̀ ló gba sùúrù jù. Bí mo ṣe ń fi ọwọ́ kan yí táyà ni mo ń fi èkejì dè nọ́ọ̀tì le, kí àwọn bẹ́ríǹ lè jókòó dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo tú u, tí mo sì fi ìka lásán dè é padà. Ihò píìnì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú, kò bá ojú nọ́ọ̀tì mu, mo sì dẹ nọ́ọ̀tì sẹ́yìn díẹ̀ dípò kí n dè é sí i. Aago ìwọ̀n tí mo gbé ti họ́ọ̀bù láti wọn àyè tó fi ń mì fi 0.06 mm hàn, èyí tó wà láàárín 0.03 sí 0.13 mm tí mo ń wá. Àyè táṣẹ́rẹ́ yìí ṣe pàtàkì: irin a máa fẹ̀ bó bá gbóná, bẹ́ríǹ tó fún pinpin á sì yọ́ gíríìsì ara rẹ̀ dànù, á wá jóná. Bẹ́ríǹ tó dẹ̀ díẹ̀ sàn fún mi ju èyí tó fún lọ.

Píìnì tuntun ni mo fi dí i. Èyí tí a ti tẹ̀ rí kò yẹ ní lílò mọ́.

Mo wa ọkọ̀ náà jáde, mo sì yẹra fún búréèkì bó ti ṣeé ṣe tó, kí ooru rẹ̀ má baà tàn mí jẹ. Nígbà tí mo dé, họ́ọ̀bù òsì kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún, tí kò mì rárá nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, gbóná débi pé ọwọ́ mi kò lè dúró lé e. Òun ni mo máa tú tẹ̀ lé e, kí n tó tún gbé ọkọ̀ náà jáde.