Kátúùnù tó ń sín àlọ́ jẹ, àti Ìjàpá tí kò tọ́ àsèjẹ wò

Àwọn àgbà ní a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ òwúrọ̀ Sátidé di àkókò àlọ́ fún àwọn ọmọ wọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Nínú gbogbo kátúùnù ìgbà náà, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Fractured Fairy Tales, apá kékeré kan nínú ètò tí Jay Ward àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa sín àlọ́ àtijọ́ jẹ. Ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 1959 ni ètò náà kọ́kọ́ jáde, kí wọ́n tó wá gbé e bọ́ sí òwúrọ̀ Sátidé nígbà tó yá. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, nítorí náà ẹgbẹ́ ni kátúùnù yìí àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa. Ní ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, orí fóònù ni èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń wò ó, lẹ́yìn tí a bá ti gbálẹ̀ tí a sì ti mu ògì tán.

Ohun tí ó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé, nígbà tí ó bá dára jù, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí padà nínú àlọ́, wọn á sì jẹ́ kí gbogbo ìyókù máa tẹ̀ lé ìyípadà náà títí dé ibi tí ó bá gbé e já. Ẹ wo àlọ́ ọmọbìnrin ọba tí wọ́n fi gégùn-ún, tí ó sùn fún ọgọ́rùn-ún ọdún títí ọmọkùnrin ọba kan fi wá fẹnu kò ó lẹ́nu. Nínú ti Jay Ward, ọmọkùnrin náà dé ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó ku díẹ̀ kí ẹnu kan ẹnu, ni ó bá dáwọ́ dúró. Ó rò ó pé bí ọmọbìnrin yìí bá jí, ọmọ ọba lásán ni, irú rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń sùn lọ, owó ni. Ló bá sọ ibẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́, kí àwọn èèyàn máa sanwó wá wo ẹni tó ń sùn. Walt Disney, gbajúgbajà oníkátúùnù Amẹ́ríkà, ni wọ́n ya ọmọ ọba náà jọ, títí kan irun ètè. Disney yìí ti ṣí ọgbà ńlá rẹ̀ ní California ní ọdún 1955, ó fi orúkọ ọmọbìnrin tó ń sùn yẹn pe ààfin tó kọ́ sínú rẹ̀, ó sì gbé sinimá àlọ́ náà jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1959. Ọmọdé tí kò mọ èyí á rẹ́rìn-ín. Àgbà tó mọ̀ ọ́n á rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì.

Àwòrán rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dára, nítorí owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì kó púpọ̀ nínú iṣẹ́ yíyà rẹ̀ lọ sí Mẹ́síkò. Ohùn ni ó gbé e ró. Edward Everett Horton, òṣèré àgbà tó ti wà nínú sinimá láti ìgbà tí sinimá kò tíì máa sọ̀rọ̀, ni ó ń pa àlọ́ náà, bí nǹkan sì ṣe wù kí ó dojú rú tó, ohùn rẹ̀ kì í yí padà. Àwọn apàlọ́ tiwa mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Nígbà tí ìyá mi bá ń pa àlọ́ Ìjàpá tó da ẹ̀bẹ gbígbóná sínú fìlà nílé àna rẹ̀, bí ẹ bá wo ojú wọn, ẹ ó rò pé ìròyìn ikú ni wọ́n ń sọ. Àwa tí a jókòó yí wọn ká ni à ń yí gbirigbiri nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ àlọ́ kò lè gbádùn sísín tí a ń sín in jẹ. Àwọn ọmọ wa mọ Cinderella àti ọmọbìnrin onífìlà pupa láti inú ìwé ilé ẹ̀kọ́, ìyẹn ni kátúùnù yìí ṣe yé wọn. Àlọ́ àwọn òyìnbó náà kò sì dúró sójú kan. Nígbà tí Charles Perrault kọ ti onífìlà pupa ní ilẹ̀ Faransé ní 1697, ìkookò pa ọmọ náà jẹ, àlọ́ sì parí síbẹ̀. Inú ìwé àwọn Grimm ní Jámánì, ní 1812, ni ọdẹ ti dé tó la ikùn ìkookò tó sì yọ ọmọ náà jáde. Ẹni tó bá ní Jay Ward ba àlọ́ jẹ́, kí ó kọ́kọ́ sọ èwo nínú méjèèjì ni ó bà jẹ́.

Àwọn kan ti ń gbìyànjú láti fi Ìjàpá ṣe irú eré yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo rí kò sì dùn mọ́ mi. Wọ́n á fún Ìjàpá ní awò dúdú àti fóònù, wọ́n á gbé e gun ọ̀kadà, á sì máa pariwo. Aṣọ ni wọ́n pààrọ̀ fún un. Ọ̀kánjúwà tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni ó ṣì jẹ́, kò sì sí ohun tó yà wá lẹ́nu.

Bí ó bá jẹ́ èmi, àlọ́ alùgbinrin ni màá mú, nítorí kò sí Yorùbá tí wọ́n pàlọ́ fún tí kò mọ̀ ọ́n: Yánníbo ń wá ọmọ, bàbá aláwo se àsèjẹ fún un, ó kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, Ìjàpá tọ́ ọ wò lójú ọ̀nà, ikùn rẹ̀ sì wú, ló bá ń kọrin lọ bẹ bàbá aláwo. Ohun kan ṣoṣo ni màá yí padà. Ìjàpá gbọ́ràn. Ó rìn dé ilé, ó gbé ìkòkò fún ìyàwó rẹ̀, kò tọ́ ọ wò rárá. Yánníbo ṣí i, ó rí i pé ẹran pé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọbẹ̀ tí Ìjàpá rí tí kò jẹ, kí ni ó lè wà nínú rẹ̀ bí kò ṣe májèlé? Ó ké sí àwọn aládùúgbò. Wọ́n yẹ ètè Ìjàpá wò, wọ́n wọn ikùn rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ààfin. Ìjàpá ń búra, bí ó sì ṣe ń búra ni ẹ̀rù túbọ̀ ń bà wọ́n. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìlú, wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá aláwo, ìbínú sì mú kí bàbá bu àsèjẹ náà jẹ lójú gbogbo ayé láti fi hàn pé kò sí májèlé nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá aláwo ni ó gbé ikùn gbẹ̀ǹdù lọ sí ẹnu ọ̀nà Ìjàpá, tí ó ń kọ orin ẹ̀bẹ̀ náà gan-an, tí kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yí padà nínú rẹ̀ ju ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ lọ.

Mo pa á fún àwọn ọmọ náà ní alẹ́ kan. Èyí ẹ̀gbọ́n ti ń rẹ́rìn-ín láti ibi tí Yánníbo ti ń gbọ̀n. Èyí àbúrò tẹjú mọ́ mi, ó ní, “Àǹtí, kí ló dé tí wọn ò gba Ìjàpá gbọ́? Ṣebí kò jẹ ẹ́ lóòótọ́?” Ìyá mi ló dá a lóhùn láti orí ẹní wọn: “Sún mọ́ bí, jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Ìjàpá jẹ́ fún ọ.”