Ológbò Alájọgbélé: Ọ̀rọ̀ Mi Sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gba Fírídọ̀mù

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú oríire fírídọ̀mù. Ẹ ti mọ bí a ṣe ń wọn ènìyàn, ẹ mọ bí a ṣe ń gé aṣọ, n kò ní tún ìyẹn kọ́ yín. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni pé mo yà kí méjì nínú yín ní ṣọ́ọ̀bù tuntun, ọ̀kan ní Under G, ọ̀kan nítòsí Tákíè, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn méjèèjì ló sì ti gbé abọ́ kékeré sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún ológbò tí kì í ṣe tiwọn. Ọ̀kan tiẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn rárá.

Kò sí télọ̀ tí ológbò kì í wá bá. Àjákù aṣọ tí a ń kì sínú àpò lábẹ́ tábìlì, ibẹ̀ ni èkúté ń kọ́lé sí, ibi tí èkúté bá sì wà, ológbò ò ní jìnnà síbẹ̀. Ibi tí a ń kó aṣọ sí ṣókùnkùn, ó rọ̀, ó móoru. Ọmọṣẹ́ tún ń jẹun ọ̀sán nínú ṣọ́ọ̀bù, orí títù ń já bọ́. Nígbà tèmi, àwọn kan ní àdúgbò ń sọ pé ológbò tó bá ń wọlé onílé, ó ní ẹni tó rán an. Ẹ jẹ́ ká fi tẹ̀mí sílẹ̀ jàre. Orí títù ló rán an.

Èkíní, ẹ má bọ́ ọ. Kì í ṣe ẹja nìkan o, àti egungun, àti ìṣẹ́kù ìrẹsì. Mílíìkì tí ẹ rò pé ẹ fi ń ṣàánú rẹ̀ gan-an, inú ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà kì í gbà á, ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń yọrí sí, ẹ̀yin náà lẹ ó sì nù ún. Ẹ ra garawa ìdọ̀tí tó ní ìdérí.

Èkejì, ẹ má lù ú, ẹ má sì fún un ní májèlé. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa dá a lábàá Sniper fún yín. Oògùn kòkòrò tó lè pa ènìyàn ni. NAFDAC kò ṣàdédé fòfin de títa ìgò 100ml rẹ̀ káàkiri ọjà lọ́dún 2019. Kódà bó jẹ́ èkúté lẹ fi májèlé pa, tí ológbò bá jẹ òkú rẹ̀, òun náà lè kú, ẹ ó wá máa ro ẹjọ́ kiri ilé. Tó bá bù yín jẹ tàbí tó ya yín léèkánná, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Ajá nìkan kọ́ ló ń ko dìgbòlugi ran ènìyàn.

Ẹ̀kẹta, ẹ lọ bá ẹni tó ni ológbò kí nǹkan tó bàjẹ́, kí ẹ sì mú ẹlẹ́rìí dání. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí, ẹ fara balẹ̀.

Nínú ilé tí mo kọ́kọ́ gbà, yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù mi, ìyá kan sì ń gbé yàrá tó kángun sí tèmi. Àwọn ló ni ológbò náà, abo abilà kan báyìí tí ìrù rẹ̀ kò gùn. Tí wọ́n bá ń wá a, wọ́n á yọjú lẹ́nu ọ̀nà: “Télọ̀ mi, ṣé ológbò mi wà níbẹ̀?” Mo ní ó wà níbí, mà. Wọ́n á ní, “Jẹ́ kó máa bá ọ pa eku. Ọ̀kan náà ni wá.” Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Lóòótọ́, ó pa eku, n kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Nígbà tó yá, mo rí i pé ikùn rẹ̀ ń yọ. Oyún ológbò kì í pẹ́, bí ọjọ́ 63 sí 65 ni. Mo lọ bá ìyá, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ológbò yín ti lóyún, ẹ bá mi tì í mọ́lé kó má baà bímọ sínú aṣọ oníbàárà.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ológbò mọ ibi tí yóò bímọ sí. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ó sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Orí léèsì ni. Léèsì ìyàwó, àwọ̀ kírímù, tí wọ́n rà ní Balógun l'Ékòó. Mo ti gé e tán, mo ṣẹ́ ẹ sínú páálí, mo fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì bò ó kí eruku má baà bà á. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, a ṣí ilẹ̀kùn, a ń gbọ́ ohùn tín-ín-rín bí ìgbà tí wọ́n ń fi ìka ra fèrè bàlúù. Mo ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ mẹ́rin, ojú wọn ò tíì là, ìyá wọn ń lá wọn. Apá ẹ̀yìn bùbá ni wọ́n sùn lé, ẹ̀jẹ̀ àti omi ìbímọ ti wọnú rẹ̀. Ìyá wọn ti fi èékánná ya ojú iṣẹ́ ọnà rẹ̀, òwú yọ lọ́ọ̀lọ̀ọ̀.

Kí n tó lanu, ọmọṣẹ́ mi ti gbé léèsì sínú omi gbóná. Omi gbóná, fún ẹ̀jẹ̀! Omi tútù la fi ń fọ ẹ̀jẹ̀; tó bá kan omi gbóná, ṣe ló máa sè mọ́ aṣọ. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ kódà bí ológbò ò bá ní dé ọ̀dọ̀ yín láéláé. Ojú ibẹ̀ di àwọ̀ ilẹ̀, kò sì kúrò mọ́ títí dòní.

Ìyàwó wọ aṣọ mìíràn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá ìyàwó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, gbogbo àdúgbò gbọ́ orúkọ tí wọ́n pè mí. Wọ́n ní kí n san owó léèsì, yáàdì márùn-ún, pátápátá.

Mo gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ bàbá onílé. Ìyá yìí jókòó, wọ́n fi ọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ní, “Ta ló ń bọ́ ọ? Ìgbà wo ló ti jẹun nílé mi gbẹ̀yìn? Ológbò télọ̀ ni.” Bàbá yíjú sí ọmọṣẹ́ mi, wọ́n ní ṣé òótọ́ ni. Ọmọ tí kò mọ irọ́ pa, ó ní, “A máa ń fún un lórí ẹja, sà.” Ẹjọ́ parí. Èmi ni mo san án. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, sà.

Ṣé ẹ rò pé ó tán? Nígbà tí àwọn ọmọ ti ń jẹun fúnra wọn, tí wọ́n ń fò káàkiri abẹ́ máṣìnnì mi, ìyá gbé apẹ̀rẹ̀ wá. Wọ́n ní àwọn wá kó ọmọ ológbò àwọn. Ológbò wọn! Àwọn tó ń ta àgbàdo àti ẹ̀wà lọ́jà ni wọ́n tà wọ́n fún, nítorí eku. N kò gbọ́ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Tó bá ń pa eku, tiwọn ni. Tó ba aṣọ jẹ́, ó di tèmi. Tó bímọ, ó tún padà di tiwọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ya ológbò ẹlòmíràn ní fọ́tò tí ẹ ń gbé e sórí Status, ẹ̀rí lẹ ń kó jọ lòdì sí ara yín. Àgbà tó bá sọ pé ọ̀kan náà ni yín, ẹ rọra bi wọ́n bóyá ọ̀kan náà lẹ ó jẹ́ nígbà tí owó bá di sísan. Ẹ sọ ọ́ níwájú bàbá onílé tàbí kíátékà. Ẹ tún fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp kí ó wà nílẹ̀: ológbò yín ń wá sọ́dọ̀ mi, n kò bọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa fún un lóúnjẹ nílé ní ìrọ̀lẹ́. Ológbò tó bá mọ wákàtí oúnjẹ rẹ̀ á máa padà sílé. Ẹ kan nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, ẹ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ kó àjákù aṣọ dànù, kí aṣọ oníbàárà sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní ilẹ̀kùn, kì í ṣe páálí. Tó bá jẹ́ abo, ẹ sọ fún ẹni tó ni ín pé àwọn dókítà ẹran lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un kó má bímọ mọ́. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìlọrin, kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́ rárá. Àmọ́ ẹ má fi owó yín ṣe é o. Ọjọ́ tí ẹ bá sanwó ilé ìwòsàn rẹ̀ ló ti di tiyín.

Ìtìjú yẹn kò ní kí n má ríṣẹ́ ṣe, ẹ̀yin náà mọ iye ìyàwó tí mo ń ránṣọ fún lóṣù kan. Èmi àti ìyá yẹn ṣì máa ń pàdé lọ́jà. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, wọ́n á sì bi mí pé iṣẹ́ ńkọ́. Owó yáàdì márùn-ún mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn.